Kíláàsì àwòrán kíkùn tí àlejò ń gbé wáìnì tirẹ̀ wá: kí ni kí a tò sílẹ̀ fún èèyàn 20?

Ọmọ_Peckham:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ ṣe kíláàsì àwòrán kíkùn ní alẹ́ Sátidé kan, irú èyí tí àlejò kọ̀ọ̀kan ń gbé ìgò wáìnì tirẹ̀ dání, tí olùkọ́ kan dúró níwájú, tí gbogbo wọn ń kun àwòrán kan náà, tí kálukú sì ń gbé tirẹ̀ lọ sílé. Èèyàn 20 ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́ láti ìgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 4 ni gbọ̀ngán wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀dà wo ni kí a rà, mélòó, báwo ni a ó ṣe pín àkókò, ṣé òfin sì fẹ́ kí a gba láísẹ́ńsì nítorí ọtí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ kúnnákúnná, ẹ má fo ohun kékeré.

Ọlọ́dà_Èkó:
Ẹ kú ètò o, ìyá wa. Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn, nítorí òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó kun òmíràn lé e lórí, àkókò tí ọ̀dà fi ń gbẹ yẹn sì ni àkókò ọtí. Ẹni tó bá pín alẹ́ rẹ̀ báyìí kò ní sáré, kò sì ní ba àwòrán jẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa kùn kí wọ́n sì máa mu lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ló ń bọ inú ife ọtí.

Acrylic ni ọ̀dà tí ẹ ó rà. Ẹ má ra ọ̀dà olóròóró. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ, òórùn tápẹ́ńtáìnì rẹ̀ kò sì bá oúnjẹ lọ. Acrylic tí a kùn fẹ́lẹ́ ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, omi lásán ni a sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì tútù. Àwọ̀ 5 péré tó: funfun, yẹ́lò, pupa, búlúù àti dúdú. Nínú wọn ni wọn yóò ti po àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò. Bí ẹ bá gbé àwọ̀ 12 síwájú ẹni tí kò kun nǹkan rí, gbogbo rẹ̀ ni yóò tọ́ wò, àwòrán rẹ̀ yóò sì di àdàlú.

Kánfáàsì 30 × 40 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ti kun ẹ̀fun gesso sí lójú. Ní Amẹ́ríkà, 16 × 20 íǹṣì ni wọ́n sábà ń lò, ìyẹn bíi 40 × 50 sẹ̀ǹtímítà. Ó dára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀dà àti àkókò yóò sì pọ̀ sí i bákan náà. Ẹ fi ìka te àárín kánfáàsì kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá rọ̀ bíi ìlù tí omi pa, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, yóò le.

Ìwọ̀n ọ̀dà fún ẹnì kan rèé: funfun mílílítà 30, yẹ́lò 15, búlúù 15, pupa 10, dúdú 8. Fún èèyàn 20, ìyẹn jẹ́ funfun 600, yẹ́lò 300, búlúù 300, pupa 200, dúdú 160. Nítorí náà, ẹ ra ike 500 méjì ti funfun, ẹyọ kan ti yẹ́lò, ẹyọ kan ti búlúù, àti ike 250 kọ̀ọ̀kan fún pupa àti dúdú. Funfun ló máa ń tán. Ẹ má bu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o: ẹ bu ìlàjì sórí àwo pépà, kí ẹ tọ́jú ìyókù, nítorí ọ̀dà tó wà lórí àwo náà ń gbẹ. Ẹ ní ike omi tó ń fọ́n eruku omi nítòsí, kí ẹ máa fọ́n ọn sí i ní ìṣẹ́jú 15-15.

Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta fún ẹnì kan, onínáílọ́ọ̀nù: pẹlẹbẹ oníǹṣì kan fún ojú ọ̀run, pẹlẹbẹ nọ́ńbà 8 fún iṣẹ́ àárín, àti olójú ṣóńṣó nọ́ńbà 2 fún ìlà tín-ínrín.

Onílé_Woolwich:
Ní ti òfin, Licensing Act 2003 ló ń darí rẹ̀ ní England àti Wales, títà ọtí ló sì ń wò. Bí àlejò bá gbé ìgò rẹ̀ wá, tí ẹ kò ta ẹ̀kán kan, ẹ kò nílò láísẹ́ńsì ọtí. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni ìwé ìpolówó. Ẹ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ife wáìnì kan wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì", nítorí títà ni òfin ka ìyẹn sí, ì báà jẹ́ pé ẹ pe ife náà ní ọ̀fẹ́. Ẹni tó sanwó wọlé ti sanwó ọtí.

Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní ọtí nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, Temporary Event Notice, ìyẹn ìwé ìfilọ̀ ìnáwó onígbà díẹ̀, ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí káńsù. Owó rẹ̀ jẹ́ £21, èèyàn tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 499 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á kò sí nínú kíkà, ọjọ́ ìnáwó gan-an kò sí níbẹ̀. Ẹ̀dà ti ẹni tó pẹ́ wà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 9, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka ìlera àyíká bá takò ó, ó parí nìyẹn, kò sí ibi tí ẹ ó ti rojọ́. Ẹ má gbójú lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka àdéhùn gbọ̀ngán. Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn kò fẹ́ ọtí rárá, ìbáà jẹ́ èyí tí àlejò gbé wá fúnra rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní láísẹ́ńsì orin bí ẹ bá máa lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí ẹ sì kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹni ọdún 18 sókè nìkan.

Àbúrò_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nítorí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú kíláàsì yìí ti di òwò ńlá. Ní Birmingham, Alabama, Wendy Lovoy dá Sips n Strokes sílẹ̀ ní 2002. Ní 2007, lẹ́yìn ìjì Katrina tó ba Louisiana jẹ́ ní 2005, Cathy Deano àti Renee Maloney ṣí tiwọn ní Mandeville, ní òdì-kejì adágún sí New Orleans. Corks N Canvas ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di Painting with a Twist. Àwọn èèyàn tí ìjì ti tú ká ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí pa pọ̀. Pinot's Palette bẹ̀rẹ̀ nílùú Houston wa yìí ní 2009. Òfin yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àní láti ìlú sí ìlú, ọdún 21 sì ni ọjọ́ orí mímu ọtí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tó wà níhìn-ín má mú ìdáhùn Lọ́ńdọ̀nù lò.

Ní ti ìwọ̀n ọtí, ìgò wáìnì kan jẹ́ mílílítà 750, ife 5 ti mílílítà 150 ló wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ìgò kan fún èèyàn méjì. Ife méjì àbọ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí méjì àbọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbé odindi ìgò wá, ìgò 20 ni yóò wà nínú ilé, wọn yóò sì fẹ́ mu ún tán.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ nìyí. Nínú àwòrán acrylic, ẹ̀yìn ni a ń kọ́kọ́ kùn, ohun kéékèèké ló máa ń kẹ́yìn. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó fẹ́ ọwọ́ tó dúró ṣinṣin ń bọ̀ ní wákàtí kejì, ìgbà tí ọtí ti wọ ara. Nítorí náà, irú àwòrán tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì ju olùkọ́ lọ. Ẹ má yan ojú èèyàn. Ẹ má yan lẹ́tà. Ẹ má yan ilé tí ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́. Ẹ yan ohun tí ọwọ́ gbígbọ̀n kò lè bà jẹ́: imọ̀ ọ̀pẹ, koríko, ẹ̀ka igi, òdòdó, ìgbì omi. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wọ́ kò burú, ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Imú tó wọ́, imú tó wọ́ ni.

Ọlọ́dà_Èkó:
Ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ yẹn o, àbúrò. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yan ìwọ̀ oòrùn lórí ọ̀sà, pẹ̀lú ọ̀pẹ àgbọn méjì àti ọkọ̀ apẹja kan. Mo ń to ó báyìí, kí olùkọ́ yín lè kà á.

Ẹ gbé kánfáàsì dúró ní òró. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà níbi sẹ̀ǹtímítà 15 láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀run àti omi ti pàdé. Ẹ má lo pẹ́ńsù, ó máa ń hàn lábẹ́ yẹ́lò. Bí ìlà náà bá gbọ́dọ̀ tọ́, ẹ lẹ téèpù àwọn akùnlé mọ́ ọn.

Ojú ọ̀run ni àkọ́kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹ rì í sómi, ẹ fún un gbẹ sára tíṣù kó kàn lọ́rinrin. Láti orí ìlà lọ sókè, ẹ fi yẹ́lò pẹ̀lú funfun kun ìbú ìka mẹ́rin. Ẹ fi pupa díẹ̀ sí yẹ́lò, kó di àwọ̀ ọsàn, kí ẹ kun ìbú ìka mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, pupa pẹ̀lú funfun. Níbí yìí, ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa, ẹ nù ún títí tíṣù kò fi ní yí àwọ̀ mọ́, kí ẹ tó kan búlúù. Búlúù pẹ̀lú pupa díẹ̀ yóò fún yín ní elésè àlùkò, ẹ fi kun ìyókù dé òkè. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé, ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì lọ-bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ nígbà tí méjèèjì ṣì tútù, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọn yóò di ọ̀kan.

Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 15. Ife àkọ́kọ́ nìyẹn.

Omi ni ó kàn. Àwọ̀ ojú ọ̀run kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: yẹ́lò sún mọ́ ìlà, elésè àlùkò wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí gbogbo rẹ̀ sì fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju ti òkè lọ. Ìlà ìbú kúkúrú ni kí ẹ máa fà, kí ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ló ń jọ ìgbì. Ẹ sinmi lẹ́ẹ̀kejì.

Oòrùn ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí yẹ́lò kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó lọ sí ìsinmi kejì yẹn, ẹ fi funfun ṣe òbìrí náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kun yẹ́lò lé e. Ẹni tó bá fi yẹ́lò tààrà lórí àwọ̀ ọsàn yóò máa kùn ún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní tàn.

Ìgbẹ̀yìn ni ọ̀pẹ àti ọkọ̀, ní dúdú pẹ̀lú búlúù díẹ̀. Dúdú nìkan máa ń jọ ihò tí wọ́n gé sí àwòrán. Ara igi kí ó nípọn nísàlẹ̀, kó tín-ínrín lókè, kó sì tẹ̀ díẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ: ẹ fa egungun rẹ̀ bíi ọrun ọdẹ, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó já ewé rẹ̀ sílẹ̀ láti ara egungun náà wá sísàlẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò kíákíá ní ìparí kí ẹnu ewé lè ṣóńṣó.

Ọmọ_Peckham:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará mi. Olúwa yóò fún yín lókun. Ìbéèrè mìíràn: bí dúdú náà bá di àwọ̀ ewé dídọ̀tí lójú ẹnì kan ńkọ́? Mo ti gbọ́ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àti pé ṣé kò ní dára kí a ti fa àwòrán náà sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó dé?

Ìyá_Búrọ́ọ̀ṣì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dúdú tó kan yẹ́lò tútù máa ń di àwọ̀ ewé bíi ti ewédú tó ti sùn mọ́jú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ọ̀run kò tíì gbẹ. Kí olùkọ́ kọ́ wọn láti fi ẹ̀yìn ìka kan ojú àwòrán: bí ó bá tutù sí ara, omi ṣì wà níbẹ̀, ì báà má lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ògiri, ó gbẹ. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, kí wọ́n má fi búrọ́ọ̀ṣì lé e kiri. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n sì tún kun dúdú lé e lórí; ìpele kejì yóò bo gbogbo rẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn ló ń sọ àwòrán di ẹrẹ̀. Ọ̀kan ni omi ìfọbúrọ́ọ̀ṣì tí wọn kò pààrọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti da omi nù kó sì bu tuntun nígbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni omi púpọ̀ nínú ọ̀dà. Acrylic ní gọ́ọ̀mù tó ń dì í mú. Bí omi bá pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù náà kò ní lè ṣiṣẹ́, ọ̀dà yóò ṣàn sísàlẹ̀ kánfáàsì bí omijé, nígbà tó bá sì gbẹ, ẹ óò fi ọwọ́ nù ún kúrò. Kó dà bíi kọ́sítáàdì, kó má dà bí omi ògì.

Lórí fífa àwòrán sílẹ̀, n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá bá ìlà tí wọ́n ti fà fún un yóò máa bẹ̀rù àtikọjá ìlà, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbalẹ̀ ara ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí mẹ́ta péré: ìlà omi, ibi tí oòrùn wà, àti ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, kí wọ́n fi ojú wò ó.

Àbúrò_Houston:
Ẹ má bínú, Ìyá, níbí ni mo ti yàtọ̀ díẹ̀. Fún ọ̀pẹ lórí ọ̀sà, àmì mẹ́ta tó. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá jẹ́ gèlè tàbí ẹyẹ, láàárín èèyàn 20 tí olùkọ́ kan dúró fún, àwọn mẹ́fà yóò há sórí ìrísí rẹ̀, gbogbo kíláàsì yóò sì dúró dè wọ́n. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹ̀yìn bébà tí àwòrán wà lórí rẹ̀, kí ẹ gbé e lé kánfáàsì tó ti gbẹ, kí ẹ fi bírò tẹ̀lé ìlà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì náà yóò hàn lórí kánfáàsì, omi yóò sì nù ún kúrò lẹ́yìn náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni fún ẹnì kan.

Ohun kan tó dá mi lójú: èèyàn 20 ju olùkọ́ kan lọ. Olùkọ́ kan níwájú, olùrànlọ́wọ́ méjì tó ń rìn kiri. Kí olùkọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta hàn wọ́n, kó fún wọn ní ìṣẹ́jú méje láti ṣe é, kó má sọ̀rọ̀ lé wọn lórí nígbà tí wọ́n ń kùn.

Ìyá_Búrọ́ọ̀ṣì:
Fún gèlè, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti orí tábìlì, nítorí ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Bí búrọ́ọ̀ṣì tó ti kun pupa bá wọ inú omi, omi náà rí gẹ́lẹ́ bíi wáìnì rósè. Nínú ife tó mọ́ gaara, lábẹ́ iná alẹ́, kò sí ojú tó lè dá wọn mọ̀. Nítorí náà, omi kò gbọdọ̀ sí nínú ife rárá. Ẹ kó agolo tòmátò òfìfo jọ, ẹ lu etí rẹ̀ kó má gé ọwọ́, agolo ni ilé omi. Ọtí wà nínú ife ẹlẹ́sẹ̀, kò sì sí lórí tábìlì ọ̀dà: ẹ gbé tábìlì kéékèèké sẹ́yìn àga, kó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ yí ara padà kó tó mu. Ẹni tó bá yí padà yóò kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra ọ̀dà, ẹ wo ara ike rẹ̀. Pupa àti yẹ́lò tí wọ́n kọ "cadmium" sí láìsí ọ̀rọ̀ "hue" lẹ́yìn rẹ̀ ní èròjà irin olóró nínú. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Èyí tí wọ́n kọ "hue" sí, àwọ̀ náà ló jọ, irin yẹn kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó yẹ ní mímu.

Ti oúnjẹ: puff-puff àti sùyà dùn mọ́ ọtí, ṣùgbọ́n òróró ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ kánfáàsì. Ibi tí ìka olóròóró bá kàn yóò máa lé ọ̀dà sẹ́yìn bí ewé kókò ṣe ń lé omi. Ẹ gé oúnjẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ gún un ní igi ìtayín, kí ó sì wà lórí tábìlì tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Ẹlẹ́mu_Ìbàdàn:
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá ló ń mu ọtí. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ yín, àwọn ìjọ mìíràn náà kì í fẹnu kàn án. "Gbé ohun mímu tìrẹ wá" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "gbé wáìnì wá", kí ẹ má sì pín wọn sí tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Zobo ń fi àbàwọ́n sí aṣọ ju wáìnì pupa mìíràn lọ, òun náà sì jọ omi ìfọbúrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà òfin tábìlì ẹ̀yìn tí Ìyá sọ kan òun náà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹmu wá, ẹ bi í irú èyí tó jẹ́. Ẹmu inú ìgò tí wọ́n ti sè kó tó dé ilé ìtajà kò ní wàhálà. Ẹmu tuntun ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá dé e pinpin, tí ó sì wà nínú gbọ̀ngán tó móoru fún wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ara àwòrán ni yóò tú sí. Kí wọ́n dé e gbẹ̀fẹ̀. Ògógóró àti jíìnì, ẹ má gbà wọ́n wọlé rárá: ọtí líle lè mú acrylic rọ̀, ẹ̀kán rẹ̀ lè ba ojú ọ̀run tó ti gbẹ jẹ́. Wáìnì tí kò ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dà sí àwòrán, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un kùn.

Ọmọ_Òṣogbo:
Ọ̀rọ̀ kékeré kan láàárín. Nígbà tí àbúrò wa ní Houston sọ̀rọ̀ Louisiana, Òṣogbo ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ Popular Bar rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, Denis Williams sì darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú kan níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1964, Georgina Beier darí òmíràn. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà rí, ibẹ̀ sì ni Twins Seven Seven, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Orúkọ náà gan-an, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ló fi èdè wa gbọ́ ọ: bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ilé ọtí ló kọ́kọ́ jẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin Peckham mọ̀ pé ẹni tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa.

Ọlọ́dà_Èkó:
Ẹ ṣeun gan-an, ará Òṣogbo.

Ìyá wa, ìpín wákàtí yín rèé. Wákàtí kìíní jẹ́ ti títò: náílọ́ọ̀nù sórí tábìlì àti ilẹ̀, easel (igi tí a ń gbé kánfáàsì lé), agolo omi, àwo ọ̀dà. Ìṣẹ́jú 20 fún ìkíni àti épúrọ́ọ̀nù wíwọ̀. Ojú ọ̀run, 25. Ìsinmi, 15. Omi àti òbìrí funfun oòrùn, 25. Ìsinmi, 15. Yẹ́lò orí oòrùn, ọ̀pẹ àti ọkọ̀, 35. Fọ́tò àti ìbuwọ́lùwé, 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀, ààbọ̀ wákàtí tó kù wà fún ìtúnṣe ilé.

Ìsinmi yẹn tó ní Èkó. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà tilẹ̀ ń gbẹ kí ẹ tó po ó tán. Lọ́dọ̀ yín, nígbà òtútù, ó lè má tó. Bí gbọ̀ngán bá tutù tó ìwọ̀n 10 Celsius, acrylic kò ní dì dáadáa rárá, nítorí náà ẹ tan ẹ̀rọ amúlémóoru kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì dání. Kí ó jìnnà tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí àwòrán, kó máa rìn, kó má dúró lójú kan. Bí ooru bá pọ̀ jù, ojú ọ̀dà yóò gbẹ, inú rẹ̀ yóò tutù, yóò sì wú bí awọ tí iná jó. Ẹ má ki méjèèjì bọ wáyà àfagùn iná kan o. Wáàtì 2000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà ń jẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì yín kò gbà ju bíi 3000 lọ.

Onílé_Woolwich:
Ẹ má da omi ọ̀dà sínú síǹkì gbọ̀ngán. Ọ̀dà náà ń dì nínú páìpù, wọn yóò sì yọ owó rẹ̀ lára owó ìdógò yín. Ẹ kọ́kọ́ fi tíṣù nu búrọ́ọ̀ṣì àti àwo, kí ẹ sọ tíṣù náà sí inú náílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí. Omi agolo, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ jẹ́ kó tòrò, ọ̀dà yóò sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ gbẹ pẹ̀lú ọ̀dà, nítorí náà ẹ kó gbogbo 60 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti parí, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n nílé. Kí ó má sùn mọ́jú síbẹ̀. Omi máa ń tú igi ìdìmú rẹ̀.

Ọmọ_Peckham:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ló kù: bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn yóò wọ̀ lọ sílé. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbé àwòrán tí kò tíì gbẹ tán?

Ìyá_Búrọ́ọ̀ṣì:
Ẹ gé páálí tó fi sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì tóbi ju kánfáàsì lọ. Ẹ ká páálí tín-ínrín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán bí àtẹ̀gùn kékeré, kó ga tó ìka kan, kí ẹ fi téèpù dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi kánfáàsì, kì í ṣe mọ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí ńlá lé orí àwọn igun náà, kí ẹ so ó ní òkùn. Afẹ́fẹ́ yóò máa gba àárín kọjá, ohunkóhun kò sì ní kan ọ̀dà. Kí wọ́n má fi náílọ́ọ̀nù wé e o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ acrylic tuntun, bí wọ́n bá sì ṣí i lọ́jọ́ kejì, ọ̀pẹ yóò bá náílọ́ọ̀nù lọ. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n gbé e kọ́ ibi tí oòrùn kò ti tàn sí tààrà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fi gíláàsì sí i.